Ṣé kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀ bí ìjì bá ń jà?

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí mi. Nígbà tí ìjì jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi ní kí n ṣí gbogbo fèrèsé kí atẹ́gùn lè ríbi gbà kọjá, kó má baà ká òrùlé lọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ni páànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà. Èmi àti ọmọ mi wá ń di fèrèsé mú kó má baà máa lù mọ́ra. Ṣé òótọ́ ni ohun tí màmá sọ? Ṣé òótọ́ sì ni pé a kì í fọwọ́ kan ẹni tí àrá bá sán lù?

*Ìdáhùn:* Àbúrò mi, ire ni màmá ń fẹ́ fún yín, àmọ́ ẹ má ṣí i mọ́. Atẹ́gùn tó bá wọlé kì í kàn gba ibẹ̀ kọjá. Ṣe ni yóò máa ti òrùlé láti inú, èyí tó ń fẹ́ kọjá lókè yóò sì máa fà á. Ìṣó wo ni kò ní tú? Ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yàrá gbogbo pẹ̀lú.

Ibi tí àyà mi ti já ni ti ọmọ tó ń di fèrèsé mú. Bí igi bá ya lu gíláàsì yẹn, ojú ọmọ ló ń bọ̀. Bí fèrèsé bá ń lù, ẹ jẹ́ kó máa lù. Ẹ kó ara yín lọ sí yàrá àárín ilé tí kò ní fèrèsé, nísàlẹ̀ pátápátá bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ má sì dúró de òjò kí ẹ tó wọlé. Atẹ́gùn tútù tó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu, tó ń balẹ̀ tó sì ń fọ́n ká, sábà máa ń ṣáájú òjò dé, ó sì lè yára ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bí ooru bá ṣàdédé di òtútù, tí eruku dìde lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti dé nìyẹn. Ẹ má sá sábẹ́ igi o. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ àrá tó kẹ́yìn, ẹ fún un ní 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó jáde.

Ẹni tí àrá sán lù kò ní iná kankan lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án! Bí kò bá mí, ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra, bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn máa pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Àmọ́ bó bá jẹ́ wáyà iná tó já ló gbé e, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 10, títí àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná yóò fi pa iná náà.