Ṣé okùn ló pa àwọn tó kọ́kọ́ gun Matterhorn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé èèyàn méje ló kọ́kọ́ gun Matterhorn, àmọ́ okùn já nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, mẹ́rin sì kú. Ká ní okùn yẹn yi ni, ṣé wọn ì bá má kú? Báwo ni wọ́n ṣe ń gùn ún lónìí?

ÌDÁHÙN: Okùn já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ̀. Òkè yìí, tó wà lẹ́nu ààlà Switzerland àti Ítálì, ga tó mítà 4,478. Edward Whymper àtàwọn mẹ́fà mìíràn dé téńté rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù keje, 1865. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Michel Croz tó jẹ́ amọ̀nà ló ṣáájú. Douglas Hadow, ọmọ ọdún 19 tí òkè gígùn kò tíì mọ́ lára, ló tẹ̀ lé e. Croz gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ Hadow lé òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe yíjú padà báyìí, Hadow yọ̀, ó sì ṣubú lù ú. Àwọn méjèèjì fa Charles Hudson àti Francis Douglas lọ. Peter Taugwalder àgbà, tó wà lẹ́yìn Douglas, di àpáta mú, ni okùn bá já láàárín wọn.

Okùn tó já náà ló ṣe aláìlágbára jù nínú oríṣi mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ. Kò yẹ kí wọ́n so èèyàn mọ́ ọn rárá. Síbẹ̀, okùn tó yi lè mú wọn dúró, ó sì lè fa àwọn mẹ́ta tó kù lọ pẹ̀lú, torí wọn ò so ó mọ́ àpáta kankan. Àwọn kan fẹ̀sùn kan Taugwalder pé ó gé e; ìwádìí dá a láre.

Lónìí, amọ̀nà kan, oníbàárà kan ni. Wọ́n á sùn ní ilé Hörnli, ní mítà 3,260, wọ́n á sì gbéra kílẹ̀ tó mọ́. Bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá tí wọn ò tíì dé ilé Solvay, ní mítà 4,003, kí wọ́n yáa padà: ìsọ̀kalẹ̀ máa ń gbà tó àkókò ìgòkè, àrá sì lè bá wọn lókè lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ń bọ̀, oníbàárà ló ń ṣáájú. Amọ̀nà á wà lókè rẹ̀, á lọ́ okùn mọ́ ṣóńṣó àpáta tàbí irin tí wọ́n rì mọ́ ọn, kò sì ní jẹ́ kó dẹ̀, kó lè mú ẹni tó bá yọ̀ dúró kí ìṣubú rẹ̀ tó yára.