Èsì: Ìdí tí LM75 fi ń fún yín ní 32793

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní driver (ètò tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tí ẹ kọ fún Linux ń ka 32793 láti ara LM75, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru, lórí I2C (okùn wáyà méjì tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), nígbà tí yàrá kò gbóná ju bíi 25°C lọ. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́ rárá. Ẹ kọ 32793 yẹn ní hex (ọ̀nà ìkà onímẹ́rìndínlógún), ẹ óò rí 0x8019. Báìtì méjèèjì (ìdajì nọ́ńbà náà kọ̀ọ̀kan, 80 àti 19) ló gbapò ara wọn: LM75 máa ń fi báìtì ńlá ṣáájú, àmọ́ ipò kékeré ni i2c_smbus_read_word_data, iṣẹ́ (function) Linux tó ń ka báìtì méjì, ń fi èyí tó bá kọ́kọ́ dé sí. Ẹ lo i2c_smbus_read_word_swapped, tó ń yí wọn padà, yóò di 0x1980, ìyẹn 6528. Ẹ fi 256 pín in: 25.5.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé inú u16 (irú nọ́ńbà bíìtì 16 tí kì í gba ohun tó rẹlẹ̀ ju 0) lẹ kó èsì náà sí tààrà. Bí ẹ̀rọ kò bá dáhùn, nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ ju 0 ló ń padà wá. u16 á gbé àmì òdì yẹn mì, àṣìṣe á wá jọ ìwọ̀n ooru gidi. (Ó ti gba odidi òru kan lọ́wọ́ mi rí!) Inú int (irú nọ́ńbà tó ń gba òdì) ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rẹlẹ̀ ju 0, kí ẹ tó sọ ọ́ di s16 (bíìtì 16 tó ń gba òdì).