Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú, ta ni yóò wádìí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Àwa mélòó kan tí a ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ìbàdàn àti Èkó ti pinnu pé nígbàkígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú káàkiri, a óò yọ̀ǹda ara wa láti wádìí ohun tó fà á, a óò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún aráàlú láìgba kọ́bọ̀. Báwo ni kí a ṣe ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní di ariwo lásán?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú àròjinlẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ ya ohun tí ẹ̀rọ yín rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀ ń fura sí, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ ààlà náà nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 2018, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ Google ṣàdédé gba orílẹ̀-èdè China kọjá, kíá ni àwọn kan sì ti ń fura pé ńṣe ni wọ́n jí ọ̀nà gbé, ìyẹn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ darí rẹ̀ gba ibòmíràn. MainOne, iléeṣẹ́ tí wáyà abẹ́ òkun rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó, ló wá ṣàlàyé pé àṣìṣe ló wáyé nígbà tí àwọn ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ṣe, àti pé 74 ìṣẹ́jú ni ó gbà. Ẹ̀rọ lè fi hàn pé ọ̀nà yà. Kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó yà á.

Ẹ má ṣe kó onímọ̀ irú kan ṣoṣo jọ. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti ti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, ẹni tó mọ BGP (ìlànà tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn) dunjú lè rí i pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣubú pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òkun ni yóò lóye ìdí tí MainOne fi sọ pé, níwọ̀n bí ibi tó ti já ti jìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta nísàlẹ̀ omi, kì í ṣe ìdákọ̀ró tàbí àwọn apẹja ló fà á, bí kò ṣe pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ abẹ́ òkun ti mì. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò mọ̀ sí i nígbà tí àwọn bá fa wáyà náà jáde.

Fún wíwọ̀n bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ lè béèrè fún ẹ̀rọ kékeré ti RIPE Atlas, èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń fi sílé káàkiri àgbáyé. Ẹ má kó wọn sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, nítorí ìlera iléeṣẹ́ náà nìkan ni ẹ óò máa wọ̀n nígbà náà. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni kí gbogbo yín máa kọ. Wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú rẹ̀.

Ó dájú pé àwọn kan nínú yín ń gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tí ẹ óò máa yẹ̀ wò. Kí onítọ̀hún sọ ọ́ síta, kí ó sì yẹra nígbà tí ọ̀ràn bá kan ọ̀gá rẹ̀, kí ó má sì mú ohun àṣírí ibi iṣẹ́ wá sí àárín yín. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó kàn, kí ẹ sì fi èsì wọn kún un.

Ẹ má dúró de ìjákulẹ̀ tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọ̀nà BGP ti ọdún 2018 yẹn ṣì wà ní àkójọ RouteViews ti Yunifásítì Oregon, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbà á. Ẹ fi ṣe ìdánwò ní ìpàdé yín àkọ́kọ́.