Ṣé kí ẹ ra AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn tó dáwọ́ dúró, sílé nítorí bàbá yín?

Ẹ kú àníyàn bàbá tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn o. Bí ẹnìkan bá sábà máa ń wà nílé pẹ̀lú wọn, tó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ ra ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń dá gbé, ẹ fi owó yín pamọ́: ẹni tó ti dákú kò lè lo ẹ̀rọ fún ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà wọn. Bí ewu pé ọkàn wọn lè dáwọ́ dúró lójijì bá pọ̀ gan-an, dókítà lè fi ẹ̀rọ kékeré sí wọn lára, tí yóò máa ṣọ́ ọkàn tọ̀sán-tòru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré àyà títẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008, lórí aláìsàn ọkàn 7,001, rí i pé níní AED nílé kò dín ikú kù ju kí ará ilé kọ́ àyà títẹ̀ lọ.

Bí ọkàn wọn bá dáwọ́ dúró lójijì:
1. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì.
2. Ẹ tẹ àárín àyà ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5.
3. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ ṣe ohun tó bá sọ. Ó máa yẹ ọkàn wò kó tó ta iná.

Bátìrì àti ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà máa ń lo ọjọ́ wọn tán. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù.