Ẹ Bi Bàbá Aláago: Ìkòkò Tí Kò Gbà Ju Ẹ̀wà Mẹ́ta Lọ

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Aláago, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìkòkò amọ̀ kan tí kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀wà mẹ́ta péré ló gbà. Mo ní odó tòun tọmọ rẹ̀ tó lè wọnú ìdérí báírò. Ọlọ wà níbẹ̀, ìgbákọ wà níbẹ̀, orí àwo tíì kan sì ni gbogbo wọn jókòó sí. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣà wọ́n jọ lọ́jà. Ọkọ mi ní mo ti ń padà di ọmọdé. Kí ló wà lára ohun tíńtín tó ń fà mí báyìí? Àbí àìsàn ni? (Ìyá Olódó, Àpáta)

ÌDÁHÙN: Ìyá Olódó, bó bá jẹ́ àìsàn ni, èmi ti gba bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn tipẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi tún aago ṣe ní Ògùnpa, tí gíláàsì ń bẹ lójú ọ̀tún mi láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kan, síkúrù aago ọwọ́ obìnrin kan fò kúrò lẹ́nu ẹ̀mú mi. Síkúrù ọ̀hún ò ju ẹyin iná orí lọ. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ pa ilẹ̀. Ìyàwó mi gbé ajọ̀ wá, a ń ku eruku bí ẹni ń ku èlùbọ́. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí n tó rí i: ó lẹ̀ mọ́ òógùn ọrùn ọwọ́ èmi fúnra mi! Mo gbé e sábẹ́ gíláàsì pẹ̀lú ìbínú. Àfi bí mo ṣe rí ojú ìlà tó lọ́ yí i ká, tó mọ́ fínnífínní, bíi pé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó. Ìbínú tán nílẹ̀.

Ohun ńlá máa ń wá bá èèyàn níbi tó jókòó sí ni. Ohun kékeré, ìwọ lo máa tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó pa rédíò, ẹ ó rọra mí. Gbogbo fèrè mọ́tò Ìwó Road ò lè bá yín débẹ̀.

Àwọn kan á ní torí pé ó jọ ọmọ ọwọ́ ni. Konrad Lorenz, ará Austria tó ń ṣọ́ ìwà ẹranko, kọ ọ́ ní 1943 pé orí ńlá, ẹyinjú ńlá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún ló ń mú kí àgbàlagbà fẹ́ gbé ìkókó mọ́ra. Ìyẹn bá ọmọ ajá mu. Kò bá odó yín mu. Odó ò lójú. (Ẹ má sì fi èyí wo ère ìbejì o. Orí tó tóbi lára ère wa, torí pé orí ni olórí ara ni.)

Èyí tó sún mọ́ odó yín ni ère ẹ̀gún Ọ̀wọ̀. Justus Akeredolu ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn 1930: ẹ̀gún tó ń hù lára èèpo igi, irú ti àràbà, ló ń gbẹ́ di èèyàn. Mo ní irú rẹ̀ kan nílé, obìnrin méjì tó ń gún iyán. Ọmọ odó wọn ò nípọn tó igi ìtayín. Apá wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká. Ẹ̀gún ló ń sọ bí ère ṣe máa tóbi tó. Agbẹ́gilére ò lè bẹ̀ ẹ́ kó fi díẹ̀ kún un. Nítorí náà kò ráyè fi ṣe gbogbo nǹkan. Ojú wọn, ìlà lásán ni. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ọ̀kan gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ni ìgún kàn.

Tàbí kẹ́ ẹ wo adìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, tó jókòó gẹlẹtẹ sórí òkè, aládìrẹ fi ìyẹ́ adìyẹ fa òpó rẹ̀ sáàyè tí àtẹ́lẹwọ́ bò, ó tún to ṣíbí sáàárín wọn. Mi ò ka òpó Mápó rí pẹ̀lú bí mo ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá tó. Ara ìró ìyàwó mi ni mo ti kà á.

Ẹnu wa gan-an mọ ohun kékeré yàtọ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni ikùn àgbà, rọ́bọ́tọ́ ni ojú ìlẹ̀kẹ̀: ohùn nìkan la gbé sókè. Bíńtín, tíńtín, wẹ́wẹ́: ẹ wá ohùn ìsàlẹ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe gbogbo ohun kékeré ni mo fẹ́ràn o. Ilé oníke tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà lásán, bẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, kò sí nǹkan kan nílé. Ẹ gbé ìkòkò yín sójú oòrùn, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹni tó mọ ọ́n bá dán inú náà bó ṣe dán ẹ̀yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti ọkọ yín, ẹ dúró di àkọ́rọ̀ òjò. Kòkòrò pupa kan máa ń jáde sórí ilẹ̀ tútù, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ara rẹ̀ bí aṣọ àrán. Ẹ pe ọkọ yín síta, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn máa wo bí wọ́n á ṣe ká ṣòkòtò sókè tí wọ́n á lóṣòó.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, orí ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé ni mo ti ń gbẹ́ ère. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní owó kékeré lohun kékeré ń mú wá. Ṣé kí n yáa lọ gbẹ́ igi? (Akẹ́kọ̀ọ́, Sámọńdà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, Willard Wigan ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ́ ère tó ń dúró sínú ihò abẹ́rẹ́. Àárín kí ọkàn rẹ̀ lù kó tó tún lù ló ti ń fi ọ̀bẹ kàn án, torí pé lílù ọkàn ń mì í lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń wọn iṣẹ́ tirẹ̀ bí iṣu. Máa gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ, kó o sì gbé fáànù jìnnà sí i. Mú ọ̀kan wá kí n wò ó. Gíláàsì mi ṣì wà nínú dúróà.