Mílíìkì Tí Kò Dì: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ Wàrà Ṣíṣe Nílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àkóbọ̀ ni mò ń gbé n'Ìbàdàn níbí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn wàrà, mo sì fẹ́ máa ṣe é fúnra mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà á, ó kàn wù mí ni. Mo wo fídíò kan, mo ra mílíìkì inú páálí lítà 2, mo tún ní kí wọ́n fi tábílẹ́ẹ̀tì rẹ́nẹ́ẹ̀tì, ohun tí òyìnbó fi ń mú mílíìkì dì, ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi dúró tì í, kò dì, bí ẹ̀kọ mímu ló rí. Kí ni mo ṣì ṣe? Ṣé kí n ra fíríìjì kékeré kan, kí n lè máa ṣe wàrà líle bíi ti òyìnbó? Ìyá mi náà ní kí n bá àwọn béèrè bóyá àwọn lè jẹ ẹ́, torí mílíìkì máa ń da inú wọn rú.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìdúró. Ọwọ́ yín ò ṣi nǹkan kan ṣe. Mílíìkì tí ẹ rà ni kò bá rẹ́nẹ́ẹ̀tì ṣe, mo sì bínú pé fídíò yẹn kò sọ fún yín kí ẹ tó náwó.

Nínú mílíìkì màlúù, bí a bá pín in sí 100, nǹkan bí 87 ló jẹ́ omi. Ohun tó ń di wàrà ni ọ̀rá rẹ̀ àti purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní kaséìnì. Kaséìnì yìí wà nínú mílíìkì bíi kóró tíntìntín tí ojú ò lè rí, kóró kọ̀ọ̀kan sì ní irun wẹ́wẹ́ lára tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ èkejì. Iṣẹ́ rẹ́nẹ́ẹ̀tì ni kó fá irun yẹn. Bó bá ti fá a tán, àwọn kóró náà á gbá ara wọn mú, mílíìkì á dì. Àmọ́ mílíìkì inú páálí tó lè wà lórí àtẹ fún oṣù mélòó kan láìsí nínú fíríìjì, ilé iṣẹ́ ti mú un gbóná ju dígírì 135 lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ooru yẹn máa ń mú kí purotéènì mìíràn tó wà nínú mílíìkì lọ lẹ̀ mọ́ ara kaséìnì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wé gèlè bo irun: abẹ ò lè dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fi tábílẹ́ẹ̀tì 10 sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí.

Ẹ má da páálí tó bá kù nù. Ẹ lè fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ mú un dì, òun kì í fá irun ní tirẹ̀. Kíkan tó ń kan ló ń jẹ́ kí àwọn kóró yẹn dẹ́kun àtisá fún ara wọn, bí mílíìkì bá sì ti gbóná dáadáa, wọ́n á dì, ìbáà jẹ́ mílíìkì inú páálí, ìbáà jẹ́ oníyẹ̀fun tí a pò mọ́ omi. Wàrà rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wàrà ni. Kìkì pé kí ẹ ka ara páálí tàbí náílọ́ọ̀nù rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì kúrò tí wọ́n fi òróró ewéko dípò, ẹ fi í sílẹ̀ fún tíì.

Ọsàn wẹ́wẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó wo ibòmíràn. Ẹ da lítà 2 sínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà tàbí ti tánganran tí ara rẹ̀ kò tíì bó. Omi ọsàn máa ń jẹ alumíníọ̀mù, wàrà náà á wá máa ta bí irin lẹ́nu. Iná kékeré ni kí ẹ lò. Ẹ máa fi ṣíbí onígi ro ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí bí mílíìkì bá jó mọ́ ìdí ìkòkò, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yọ òórùn yẹn. Bí ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó wọ dígírì 85 sí 90. Bí ẹ ò bá ní, ẹ máa wo etí ìkòkò: ìfófòó kéékèèké á yí i ká, ooru á máa gòkè, awọ fẹ́lẹ́ á fẹ́ bo ojú rẹ̀, kò sì tíì hó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa iná. Ẹ ti fún omi ọsàn bíi ṣíbí ìjẹun 4 sílẹ̀, ẹ ti sẹ́ kóró inú rẹ̀ kúrò. Ẹ máa dà á sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn ṣíwọ́ ríro ni ó ń le fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìyá Fúlàní kan lápá Mónìyà ló kọ́ mi, lẹ́yìn tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí tán. Mò ń ro ìkòkò wọn kíkankíkan, mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Wọ́n rọra gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí ọmọrí, wọ́n ní kí n máa wò. Mo wò ó. Funfun ni gbogbo rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tó yá, ó sán lójú kan nítòsí etí ìkòkò bí ilẹ̀ ṣe máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi sì yọ láti ojú ibẹ̀. Omi náà kò funfun. Ó mọ́ gaara, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún ń ṣe bí ẹni fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mú ṣíbí padà, tí wọ́n fi ti wàrà náà láti etí wá sí àárín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọ̀ omi yẹn ni kí ẹ máa wá. Bó bá ṣì funfun bí omi ògì, kò tíì tán, ẹ fi ṣíbí ọsàn kan kún un. Bó bá ti mọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó bá ń rò ó lọ á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì bá omi lọ.

Ẹ wá tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ sínú ajere, kí ẹ dà á sí i. Asẹ́ ògì náà dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kíkan ògì á bá yín dé inú wàrà. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ ṣàn án kí kíkan ọsàn lè dínkù, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ di aṣọ náà, kí ẹ gbé ìkòkò omi kan lé e fún nǹkan bí wákàtí 1. Lítà 2 á fún yín ní bíi gíráàmù 300 sí 400. Ó máa ń dun àwọn tó ń kọ́ ọ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí omi 87 yẹn. Omi tó sẹ́ kúrò, ẹ fi se ìrẹsì tàbí kí ẹ fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ lọ wá mílíìkì tútù, èyí tí iná kò tíì kàn rárá. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé igbá wá láti ìhà Akínyẹlé àti Mónìyà máa ń ní in láàárọ̀. Ẹ bá ọ̀kan dọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ fún un ṣáájú pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ náà lẹ fẹ́, kì í ṣe nọ́nọ̀, èyí tó ti kan. Mílíìkì màlúù funfun tiwa yìí lọ́ràá ju ti màlúù dúdú-òun-funfun ilẹ̀ Yúróòpù lọ, ìdí nìyẹn tí wàrà rẹ̀ fi máa ń kún ẹnu. Ẹ mú kúlà oníyìnyín lọ, kí ẹ sì gbé mílíìkì náà ka iná láàárín wákàtí 2. Kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ẹ gbé e sórí iná. Bó bá dì fúnra rẹ̀ bó ṣe ń hó, ó ti ń kan nìyẹn. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má tọ́ ọ wò ní tútù, bó ti wù kó mọ́ lójú. Ikọ́ ife lè gba ara mílíìkì tútù wọ ara èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni bùrúsẹ́lósísì, àrùn tó ń fa ibà tí kì í lọ bọ̀rọ̀ àti oríkèé ríro. Ooru ìkòkò wàrà ju ohun tó ń pa àwọn kòkòrò yẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lá a kí iná tó wọ̀ ọ́, iná ò lè gbà á sílẹ̀.

Mílíìkì tútù yìí náà ni bọ̀mùbọmù, ewé tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì, wà fún. Irun ara kaséìnì yẹn ni oje ewé náà ń fá, gẹ́gẹ́ bí rẹ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fún wàrà ní ara kan tó le, tó sì máa ń dún lábẹ́ eyín. Fún lítà 2, ewé 2 tàbí 3 tó tóbi níwọ̀ntúnwọ̀nsì tó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gún un, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ pò ó, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú mílíìkì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé bi tí ìka ò ti lè pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí iná mú un lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi hó, tí omi rẹ̀ á sì mọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dá a ṣe, ewé 8 ni mo gún sí i kó lè tètè dì. Ó tètè dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó korò débi tí kò ṣeé gbé mì, lítà 5 ló sì bá a lọ. Oje funfun bọ̀mùbọmù ní májèlé nínú. Ó lè ba ojú jẹ́, kò sì yẹ kó kan ẹnu ní tútù. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fi nu ojú, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Gbogbo ìgbà ni kí ẹ jẹ́ kó hó.

Ní ti fíríìjì, ẹ mú owó yín sọ́wọ́ ná. Wàrà líle òyìnbó nílò ibi tó wà láàárín dígírì 10 sí 13, tó sì lọ́rinrin, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Fíríìjì ilé tutù jù fún un, ní nǹkan bíi dígírì 4, yàrá wa sì gbóná jù, ní 27 sí 30. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Kílò 1 wàrà líle ń gba bíi lítà 10 mílíìkì, bí iná bá sì lọ fún ọjọ́ 2 nígbà tí ẹ ti tọ́jú rẹ̀ wọ oṣù kẹta, èébú lè bò ó. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá tíì mọ omi wàrà kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí ara yín bá ń wá ohun tuntun, ẹ da yúgọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà sínú aṣọ, kí ẹ so ó sórí abọ́ nínú fíríìjì mọ́jú. Ohun tí ẹ máa bá láàárọ̀ ṣeé fi pa búrẹ́dì, kò sì ná yín ju aṣọ lọ.

Wàrà tí ẹ bá ṣe, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 3. Bí iná ò bá sí, ẹ dín in lọ́jọ́ náà gan-an: ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún rá a, kí òróró gbóná dáadáa. Ẹ̀rù má bà yín pé á yọ́, wàrà tó ti rí ooru tó báyìí kì í yọ́. Nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn wọ ìkòkò.

Ó ku ti màmá. Ṣúgà inú mílíìkì tí wọ́n ń pè ní láktóòsì ló sábà máa ń da inú àgbàlagbà rú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá omi wàrà jáde. Díẹ̀ ṣì máa ń kù, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ jáde dáadáa, kí ẹ má sì fi omi yẹn se oúnjẹ tiwọn. Ẹ fún wọn ní ègé kan tí kò ju ìka méjì lọ, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí inú wọn ò rú, ẹ fi ìkejì kún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ara wọn máa ń yún tàbí ètè wọn máa ń wú bí wọ́n bá mu mílíìkì, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má fún wọn rárá títí wọ́n á fi rí dókítà. Ẹ bá mi kí wọn.