Èsì: Ojú ajá Collie mi mọ́, ṣé ó ṣì nílò àyẹ̀wò DNA?

Ẹ ní dókítà wo ojú abo ajá yín lóṣù mẹ́rin, kò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì ṣe àyẹ̀wò DNA kí akọ tó gùn ún. Àrùn CEA (àbùkù ẹ̀yìn ojú tí ajá Collie máa ń jogún) máa ń fara pamọ́: bí ọmọ ajá bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 8, àwọ̀ dúdú ẹ̀yìn ojú lè bo ibi tó bàjẹ́ díẹ̀. Àyẹ̀wò DNA tó ń wo jíìnì NHEJ1, èyí tí àbùkù rẹ̀ ń fa CEA, kò gbára lé ohun tójú rí. Itọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo jíìnì tó lábùkù yìí ló gbé, ẹ má pa á tì o! Akọ tí kò gbé e rárá ni kí ẹ fún un. Àwọn ọmọ kan lè gbé e bíi tìyá wọn, àmọ́ àrùn yìí kò ní mú ìkankan.